Èsì: Òṣìṣẹ́ ni tàbí ọmọ iṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ìwé òfin ilé búrẹ́dì yín ní Iléṣà, ẹ wá ń béèrè bóyá "òṣìṣẹ́" ló yẹ kẹ́ ẹ kọ tàbí "ọmọ iṣẹ́". Òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Ìyẹn ò le.

Ibi tó ń dunni ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, ẹni tó ń ti páànù sínú ààrò, ẹni tó ń fi búrẹ́dì sínú ọ̀rá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sọ àsìkò tí yóò dé àti ohun tí yóò ṣe, tẹ́ ẹ sì ń san owó oṣù fún un, òṣìṣẹ́ ni, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń pè é ní "ọmọ wa". Àmọ́ àwọn tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí ọjà Àtàkúmọ̀sà láàárọ̀, tí wọ́n ń lé èrè tiwọn lórí, tí wọ́n ń dá owó yín padà nírọ̀lẹ́, alágbàtà ni wọ́n. Ẹ má kọ orúkọ wọn sínú ìwé owó oṣù láé! Àwọn kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ lè dà bí ńlá. Àwọn aṣàyẹ̀wò onífáìlì tó ń wá ka iye òṣìṣẹ́ kì í béèrè ta ní ń ṣe kí ni, orúkọ orí ìwé ni wọ́n ń kà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sì de ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù látọwọ́ yín, 8 látọwọ́ òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ 9 àti alágbàtà 6, ó ti pé 15 lójú wọn. Ẹ wá jókòó máa ṣàlàyé.

Ẹ ṣọ́ atẹ̀wé tó máa bá yín tẹ ìwé òfin náà. Alágbàṣe ni ẹni tó wá já igi lónìí, tó gbowó, tó lọ. Agbaṣẹ́ṣe, tá à ń pè ní kọngílá, ló gba iṣẹ́ ààrò tuntun, tó kó irinṣẹ́ àti èèyàn tiẹ̀ wá. Bí atẹ̀wé ò bá fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ méjèèjì á jọra, á fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, lọ́yà yín á sì buwọ́ lù ú láìkà á. Ẹni tó ti ń wá lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, ẹ má pè é ní alágbàṣe. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni ilé ẹjọ́ ń wò.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, "ọmọ ìkọ́ṣẹ́" ni kẹ́ ẹ kọ, torí "ọmọ iṣẹ́" lè jẹ́ akọ́ṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá. Ẹ kọ iye ọdún àti ọjọ́ fríídọ̀mù síbẹ̀. Ẹ má kọ "ọ̀gá" rárá, ẹ kọ alábòójútó. Awakọ̀, mẹ́gáàdì, agbálẹ̀, ẹ mọ ìyẹn.

Òfin iṣẹ́ ní kẹ́ ẹ fún òṣìṣẹ́ níwèé láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a dúró, bí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan. Bí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti márùn-ún sókè, oṣù kan. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kó fọwọ́ sí méjèèjì, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan.