Ṣé kí n sanwó kí wọ́n bá mi da irin sínú òkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti da ìyẹ̀fun irin sínú òkun. Wọ́n ní ewéko tíntìntín inú omi yóò pọ̀ sí i, yóò sì gbé gbogbo èéfín ọkọ̀ mi mì. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san án. Léraléra ni wọ́n ń bi mí ní èyí, inú sì ń bí mi, torí òtítọ́ ni àwọn tó ń tà á fi bo irọ́ wọn.

Òtítọ́ ibẹ̀ rèé. Àwọn ewéko òkun tí ojú lásán kò lè rí, àwọn fáítópíláńtọ̀n, ló ń ṣe nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tí gbogbo ewéko ayé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe, wọ́n sì ń fa kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà nínú èéfín ọkọ̀ yín, bí wọ́n ti ń ṣe é. Irin wọ́n wọn ní apá ibì kan, pàápàá nínú òkun tó yí Antarctica ká. Tí ẹ bá dà á síbẹ̀, omi á di aláwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n kí nǹkan wọnú omi yàtọ̀ sí kó dúró síbẹ̀! Kò ní pẹ́ tí ẹranko kéékèèké á fi jẹ ewéko náà, tí bakitéríà á sì jẹ èyí tó kú. Wọ́n á mí kábọ́ọ̀nù náà jáde nítòsí ojú omi, á sì padà sínú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá rì lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn nìkan ló máa ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ Jámánì àti Íńdíà dán an wò nínú ìwádìí LOHAFEX. Ewéko hù lóòótọ́. Àmọ́ síláíkà, èyí tí àwọn dáyátọ̀mù, irú ewéko tíntìntín òkun kan, fi ń kọ́ èèpo líle wọn, kò tó nínú omi náà. Àwọn tí kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀ ló hù, ẹranko jẹ wọ́n, díẹ̀ ló sì rì.

Ewu tún wà níbẹ̀: èròjà inú omi tí ewéko náà bá jẹ tán níhìn-ín kò ní dé ibòmíràn mọ́, ìjẹrà sì lè gbé ọ́síjìn inú omi mì. Ní ti òfin, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o, ṣùgbọ́n ní 2013 àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn London (London Protocol), àdéhùn àgbáyé lórí dída ìdọ̀tí sínú òkun, fẹnu kò sí àtúnṣe tó fàyè gba kìkì ìwádìí.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: mítà mélòó nísàlẹ̀ lẹ ti wọn kábọ́ọ̀nù yìí, ọdún mélòó ni yóò sì fi wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ àwòrán òkun aláwọ̀ ewé ló fi dá yín lóhùn, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.