Lẹ́tà Yín àti Ìdáhùn Wa: Ọmọ Mi Ń Sunkún Ìyá Mi

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yàn lóṣù yìí. Ọ̀kan dá lórí ọmọdé, èkejì lórí ọ̀dọ́, ìyá àgbà ni ó sì kọ ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń so mọ́ ẹlòmíràn ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin Olùdámọ̀ràn wa, ẹ kú iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Alágbáka, ní Akúrẹ́. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé oṣù mẹ́jọ, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní ìlú Oǹdó. Ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi pé ọdún méjì ààbọ̀, tí èmi àti bàbá rẹ̀ ń lọ wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀. A ti mú un padà wálé báyìí. Kò gbà kí n wẹ òun, bí ó bá jí lóru, “Màmá Oǹdó” ni ó ń pè, bí ìyá mi bá sì wá kí wa, ẹkún tó ń sun nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ kì í ṣe kékeré. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní ìyá mi ti fi nǹkan gba ọkàn ọmọ lọ́wọ́ mi, pé kí wọ́n má wá mọ́ títí ọmọ yóò fi gbàgbé wọn. Ṣé ọmọ mi kò fẹ́ràn mi mọ́ ni?
Ìyá Ọmọ, Akúrẹ́

Ìyá Ọmọ, ẹ má gba ìmọ̀ràn náà. Nǹkan kan ṣoṣo tí ìyá yín lò ni pé wọ́n gbé ọmọ nígbà tó sunkún, wọ́n fún un lóúnjẹ nígbà tí ebi ń pa á, wọ́n sì pọ̀n ọ́n títí oorun fi gbé e lọ, lójoojúmọ́, fún nǹkan bí ọdún méjì. Àkókò tí ẹ gbé e lọ náà ṣe kókó. Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ọmọ ọwọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹni tó mọ̀ sọ́tọ̀ kedere, tí yóò máa sunkún bí ẹni náà bá kúrò lójú rẹ̀, tí yóò sì máa sá fún àlejò; ìbẹ̀rù yìí a máa le sí i títí di nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó máa rọlẹ̀. Ọwọ́ ìyá yín ni ọmọ yín wà ní èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yìí. Ká ní kò sunkún wọn rárá, ìgbà náà ni ẹ̀rù ìbá bà mí.

John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìdí ìmọ̀ yìí múlẹ̀. Nínú ìròyìn tí ó kọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951, ó sọ pé ọmọdé nílò ìfẹ́ tímọ́tímọ́ tí kò dáwọ́ dúró láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dúró fún un gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ìdajì àkọ́kọ́ gbólóhùn yẹn mú, wọ́n sì gbàgbé ìdajì kejì. Mary Ainsworth, tí ó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, lọ sí Ùgáńdà ní 1954, ó ń wo àwọn ìyá àti ọmọ wọn nínú ilé ara wọn. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tètè fura sí ohun tó ń fẹ́ kì í sunkún púpọ̀, ọkàn rẹ̀ sì máa ń balẹ̀ láti rá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá lọ wo nǹkan mìíràn, kí ó tún padà wá. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ìwádìí kan láàárín àwọn Hausa, tí ó jáde ní 1977, fi hàn pé ọkàn ọmọ ọwọ́ máa ń so mọ́ ju ẹnìkan lọ, bàbá sì wà lára wọn. Àwa náà ń pa á lówe pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá yan ojú kan láàárín igba náà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í jowú.

Nípa gbígbàgbé tí àbúrò ọkọ yín sọ, James Robertson, tí òun náà bá Bowlby ṣiṣẹ́, wo àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwòsàn ní London nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí òbí wá wò wọ́n bó ṣe wù wọ́n. Ọmọ á kọ́kọ́ ké, á máa wojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ẹkún á dín, á dorí kodò. Nígbẹ̀yìn á tújú ká, á máa jẹun, á máa bá nọ́ọ̀sì ṣeré, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá dé, á kẹ̀yìn sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ka ìpele kẹta yìí sí pé ara ọmọ ti mọlé, Robertson sì rí i pé ọmọ náà ti sé ọkàn rẹ̀ mọ́ ni. Bí ẹ bá gé ìyá yín kúrò, ohun tí ẹ ó rí gbà nìyẹn, àwọn ará ilé yóò sì máa yìn yín pé ọmọ ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí ìyá yín máa wá, ní ọjọ́ tí ọmọ lè máa retí. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n bá yín gbé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ níṣojú yín, kí ẹ wá jọ máa wẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó dá a ṣe. Ẹ bi wọ́n léèrè oríkì tí wọ́n fi ń kì í, orin tí wọ́n fi ń pẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń sunkún, àti bí wọ́n ṣe ń po ògì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n dágbére fún un lójúkojú, kí wọ́n má yọ́ jáde nígbà tó ń sùn, nítorí pé ọmọ tí a yọ́ lọ mọ́ lójú lẹ́ẹ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Kí ẹnikẹ́ni má fi “màá dá ẹ padà sí Oǹdó” dẹ́rù bà á, kódà nínú eré. Bí ó bá pe Màmá Oǹdó lóru, ẹ má bá a jiyàn pé ẹ̀yin ni ìyá. Ẹ sọ fún un pé Màmá Oǹdó wà nílé wọn, pé ẹ mọ̀ pé àárò wọn ń sọ ọ́, kí ẹ sì gbé e mọ́ra. Èyí lè gba oṣù púpọ̀. Yóò lù yín lọ́jọ́ kan, bí ó bá sì di ọjọ́ kejì yóò lẹ̀ mọ́ yín débi pé kò ní jẹ́ kí ẹ dá wọ ilé ìwẹ̀. Àmì dáadáa ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹun mọ́, tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ sọ bá ń pòórá, tàbí tí kò bá sá mọ́ ẹnikẹ́ni rárá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) wà ní Akúrẹ́ àti ní Oǹdó.

Ẹ̀yin Olùdámọ̀ràn, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni mí tẹ́lẹ̀, n kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé títí ọmọkùnrin mi fi pé ọdún méje. Ó ti di ọmọ ọdún 15. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, bí mo bá wọlé, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ṣé ó ti pẹ́ jù?
Bàbá kan, Oǹdó

Bàbá, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́. Apá kan ìwà náà jẹ́ ti ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ́ a máa yí ọkàn sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òbí ni ó ṣì ń sá bá nígbà tí wàhálà bá tóbi. Apá kejì ni àìsí yín nílé. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwàádìí ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan láti ọdún 1975, kí wọ́n tó bí wọn, títí wọ́n fi di àgbà. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú ìgbà èwe ń fi ipa sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbáṣepọ̀ tó wá lẹ́yìn lè yí ọ̀nà ọmọ padà. Ẹ má pè é kó wá jókòó kó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ pè é kí ẹ jọ yí ọ́ìlì ọkọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá pọn dandan kí wọ́n wojú ẹni. Lọ́jọ́ tí àyè bá sì ṣí, ẹ sọ fún un pé ẹ mọ̀ pé ẹ kò sí nílé nígbà náà, àti pé ó dùn yín. Ó nira fún bàbá láti sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọmọ tó fi í gan bàbá rẹ̀.

Ẹni ọdún 71 ni mí, ní Ìdànrè. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Mo ṣì ń gbọ́ bíi pé ó ń wúkọ́ ní pálọ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n kó bọ̀ ní Àbújá, kí n má sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Oko kòkó wa àti àwọn ẹgbẹ́ mi nínú ìjọ sì wà níhìn-ín.
Màmá Ìdànrè

Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ikọ́ tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe àrùn ọpọlọ. Bowlby kọ ìwé kan lórí àdánù, èyí tí ó jáde ní 1980, ó sì sọ níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ opó ni ó máa ń nímọ̀lára pé ọkọ àwọn ṣì wà nítòsí, pé èyí kò sì dí ọ̀fọ̀ tó ń lọ bó ṣe yẹ lọ́wọ́. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bàbá fún àwọn ọmọ-ọmọ yín bó ṣe wù yín.

Ti Àbújá ni kí àwọn ọmọ yín tún rò. Laura Carstensen, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni ó ń dín ojúlùmọ̀ kù, tí ó sì ń di àwọn díẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù mú. Lára àwọn díẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ yín nínú ìjọ, wọn kò sì ṣeé rà ní Àbújá. Bí oorun bá dá lójú yín pátápátá, tí oúnjẹ kò wọlé, tàbí tí ó ń ṣe yín bíi kí ẹ tẹ̀ lé bàbá lọ, ẹ sọ fún ọmọ yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó mú yín lọ rí dókítà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ kí wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àsìkò tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó padà kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí àkọ́bí yín sì san owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀.