Kẹ́ ẹ tó sanwó sọ́fítíwíà fún kílíníìkì físíò yín

Ẹ kú ìrònú o. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ṣí kílíníìkì físíò, ibi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, sí Òkè-Fíà ní Òṣogbo níbí, ẹ̀yin àti físíò kan pẹ̀lú ọmọ tó máa jókòó níwájú tá á máa gba àlejò, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ ra fáìlì páálí kẹ́ ẹ máa fi bírò kọ ọ́ àbí kẹ́ ẹ kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, àti pé èwo ló dáa jù nínú àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n ń polówó yìí. Mi ò ní fi bọpo bọyọ̀, kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ lò. Àwa náà ń lò ó ní ẹ̀gbẹ́ Ọláìyá níbí, ojú wa sì ti rí nǹkan lórí ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ èwo ló dáa jù yẹn, ẹ gbé e tì ná. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni pé lọ́jọ́ tí mi ò bá ṣe mọ́, báwo ni gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mi ṣe máa jáde, irú fáìlì wo ló máa jẹ́, ta ló máa kó o jáde, èló ni màá san. Ẹni tí ò bá lè dáhùn ìyẹn tààrà, ẹ má fún un lówó.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ẹ̀ ni pé èyí tá a kọ́kọ́ lò, àwọn òyìnbó ló ṣe é, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà lóṣooṣù. Ó dáa lójú, ó yára, kò sí ohun tá a fẹ́ kọ tí kò ní àyè fún. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan ò tíì tó náírà 500 ní báǹkì, àmọ́ kò rọrùn náà nígbà yẹn, torí àwọn báǹkì kan ti gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí dọ́là 20 lóṣù, àwọn míì ti pa á pátápátá, èèyàn tó ní káàdì dọ́là la máa ń bẹ̀ kó bá wa san án. Ìgbà tó wá di oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024 dọ́là kan ti ju náírà 1,500 lọ. Àwọn tó ni sọ́fítíwíà ò fi kọ́bọ̀ kan lé owó wọn o, dọ́là tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n náírà ni màmá tó wọkọ̀ wá láti Ìkìrun nítorí orúnkún ń san fún wa, a ò sì lè sọ fún màmá yẹn pé dọ́là ti wọ́n.

La bá ní ká kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí wàhálà, pé a lè kó àkọsílẹ̀ wa. Àṣé ohun tí wọ́n ń pè ní kíkó yẹn ni pé kẹ́ ẹ ṣí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì, á wá fún yín ní PDF kan, kẹ́ ẹ tún ṣí ẹlòmíì. Gbogbo nọ́ńbà tá a ti wọ̀n látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, èjìká, orúnkún, bí ìrora ṣe pọ̀ tó, gbogbo ẹ̀ di àwòrán inú PDF tí kọ̀ǹpútà ò lè kà mọ́. Ọjọ́ tá a dá fún àwọn aláìsàn láti padà wá ò sí níbẹ̀, eré ìdárayá tá a ní kí wọ́n máa ṣe nílé náà ò sí níbẹ̀. Tá ò bá sì sanwó oṣù yẹn, ilẹ̀kùn á tì, PDF gan-an a ò ní rí i. Bá a ṣe ń sanwó lọ nìyẹn títí ọmọ tó wà níwájú àti kọ́pà kan tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn fi jókòó tẹ gbogbo ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an torí kì í ṣe àkọsílẹ̀ tiwọn, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wa ni.

Nítorí náà tí wọ́n bá fún yín láyè láti tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má kàn máa wo bó ṣe dáa lójú. Ẹ forúkọ àwọn aláìsàn tẹ́ ẹ kàn fọkàn rò, tí kì í ṣe èèyàn gidi, sínú ẹ̀, ẹ kọ nǹkan fún wọn, ẹ dá ọjọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ sì fi Excel ṣí i. CSV ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè, ìyẹn fáìlì tó to ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà sí ìlà-ìlà tí kọ̀ǹpútà lè kà. Tí nọ́ńbà bá wà níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, tí ọjọ́ bá pé, ẹ lè máa wá sọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn ìyẹn, iná àti ńẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí torí Òṣogbo lẹ̀yin náà wà. Èyí tó jẹ́ pé tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ kò ní ṣí rárá, ẹ sá fún un. Ẹ wá èyí tá á kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín ná, tí ńẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé kó wá gbé e lọ sókè. Láàpútọ́ọ̀pù dáa ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ torí bátìrì ẹ̀, ẹ so ó mọ́ ínfátà, ẹ má gbára lé jẹnẹrétọ̀ torí kẹ́ ẹ tó tàn án, aláìsàn ti dìde ńlẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé OpenEMR tàbí OpenMRS wà, sọ́fítíwíà àkọsílẹ̀ aláìsàn ni àwọn méjèèjì, pé ọ̀fẹ́ ni, òótọ́ sì ni, OpenMRS yẹn ti wà láti 2004, òun náà ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ní HIV ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ tá á sì máa tún un ṣe kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tó mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa tó sì ń gbé nítòsí, ó dáa. Tẹ́ ò bá ní, fún ibi tí físíò méjì wà, ó ti tóbi jù lójú tèmi.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣe lókè òkun gbà pé orúkọ èèyàn àti ọjọ́ ìbí ẹ̀ ló máa fi í hàn yàtọ̀. Tóò. Màmá kan máa dé, Ìyá Sade lọmọ tó wà níwájú kọ, ìgbà kejì tó wá, ẹlòmíì kọ Shade, ìgbà kẹta ó mú ìwé wá láti ọsibítù, orúkọ ọkọ ló wà níbẹ̀. Màmá kan ṣoṣo ti ní fáìlì mẹ́ta. Ọjọ́ ìbí ńkọ́, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ò mọ̀ ọ́n, sọ́fítíwíà ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá tẹ́ ò bá kọ nǹkan, gbogbo ayé á wá di ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, kọ̀ǹpútà á wá máa sọ pé Alhaja ti Ìlobùú àti Alhaja ti Sábó, èèyàn kan náà ni. Ìyẹn léwu o, torí ọ̀kan lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí èkejì má ní. Ohun tá à ń ṣe báyìí, olúkúlùkù ní nọ́ńbà tiẹ̀ lórí káàdì kékeré tó máa mú dání, a máa ń kọ nọ́ńbà fóònù àti ẹni tó ni fóònù yẹn gan-an torí ti ọmọ ló máa ń pọ̀ jù, a sì ti jọ fẹnu kò lórí bá a ṣe máa kọ orúkọ, kò sí àmì lórí ẹ̀, S la máa ń kọ, a kì í kọ SH. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí àfojúbù ni, a máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfojúbù ni.

Kíkọ ọ̀rọ̀ aláìsàn wá ńkọ́. Ẹ mọ SOAP, ìlànà kíkọ ọ̀rọ̀ aláìsàn tí dókítà Lawrence Weed ará Amẹ́ríkà yẹn gbé kalẹ̀ láàárín 1960 sí 1970, ohun tí aláìsàn sọ, ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tẹ́ ẹ rò, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Gbogbo sọ́fítíwíà ló ní in. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni bọ́tìnì tó máa ń da ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá sínú tòní. Ẹ ní kí wọ́n pa á. Ó ń mú iṣẹ́ yá lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa rí aláìsàn tó ti ju wọ́kà sílẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé, tí àkọsílẹ̀ ṣì ń sọ pé wọ́kà ló fi ń rìn. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò jù fún wa ni nọ́ńbà, èyí tẹ́ ẹ fi goniometer wọ̀n, ohun tá a fi ń wọn bí oríkèé ṣe ń tẹ̀ tó, agbára iṣan láti 0 dé 5, ìrora láti 0 dé 10, Berg, ìdánwò bí èèyàn ṣe lè dúró láì ṣubú, tí gbogbo máàkì ẹ̀ jẹ́ 56. Ẹ kọ ọ́ sí àyè tiẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sáàárín ọ̀rọ̀.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń gbé wá láti Ẹdẹ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló mú. Lọ́jọ́ kan bàbá ní àwọn ò wá mọ́, pé owó ọkọ̀ lásán ni, ọwọ́ yìí ò yàtọ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé wọn wá kàn dákẹ́. Mo bá yí kọ̀ǹpútà sí bàbá, mo fi ìlà tó ń gòkè yẹn hàn wọ́n, mo ní bàbá, ibí lẹ wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, dígírì 40 ni èjìká yín gbé dé, ibí lẹ wà lónìí, 95 ni. Bàbá wò ó, wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n wá gbé ọwọ́ yẹn sókè fúnra wọn, wọ́n ń wo ọwọ́, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Wọn ò sọ̀rọ̀ àìwá mọ́. Fáìlì páálí náà lè ní nọ́ńbà yẹn nínú, àmọ́ ta ló fẹ́ máa ṣí ojú ìwé káàkiri níwájú aláìsàn tí inú ń bí?

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà láàárín yín. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yin àti aláìsàn jọ máa rí i. Àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ wá ń tẹ nǹkan láì wojú wọn, ìwà àfojúdi ni lójú wọn, wọ́n sì jàre. Èmi máa ń sọ pé “Ẹ má bínú Màmá, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ni mò ń kọ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé,” inú wọn á sì dùn, àwọn míì á tiẹ̀ tún un sọ kí n lè kọ ọ́ dáadáa.

Ní ti àṣírí, tẹ́ni tó ń tà á bá ń sọ HIPAA fún yín, òfin Amẹ́ríkà ti 1996 nìyẹn. Tiwa ni òfin ìlera ti 2014 àti òfin ààbò dátà ti 2023. Ti 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn, àṣírí ni, ó ti sọ àwọn ìgbà tá a lè sọ ọ́ fẹ́lòmíì, èyí tó máa kàn yín jù níbẹ̀ ni kí aláìsàn fúnra ẹ̀ buwọ́ lùwé pé òun gbà. Ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ààbò àrà ọ̀tọ̀, tí dátà bá sì jò tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. Ẹ bi wọ́n bóyá sọ́fítíwíà wọn lè fi hàn yín ẹni tó ṣí fáìlì kan àti ìgbà tó ṣí i. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní páásíwọ̀dù tiẹ̀. Ọmọ tó wà níwájú, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìpàdé àti owó nìkan ló yẹ kó rí. Kì í ṣe pé ọmọ burúkú ni o, Òṣogbo nibí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti aláìsàn ń lọ, àbí mọ́ṣáláṣí kan náà, ẹ má gbé ẹrù yẹn lé e lórí. Ọmọ tó wà lókè òkun tó ń sanwó bàbá ẹ̀ náà máa pè pé kẹ́ ẹ fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp. Bàbá lẹ máa bi. Tí bàbá bá gbà tó sì buwọ́ lùwé, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tó ní ààbò, ẹ má lo WhatsApp orí fóònù ara yín.

Tẹ́ ẹ bá ní fáìlì páálí láti ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ má jókòó tẹ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá wọlé wá ni kẹ́ ẹ tẹ tiẹ̀, ìyókù ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kẹ́ ẹ sì tẹ fọ́ọ̀mù ojú ewé kan sórí pépà, tó rí bíi ti inú sọ́fítíwíà gẹ́lẹ́, fún ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá kú. Ẹni tó bá kọ ọ́ ló máa tẹ ẹ́ wọlé fúnra ẹ̀ kó tó lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó kọ orúkọ ẹ̀ àti aago tó tẹ̀ ẹ́ sí i.