Kúkà oníná: kì í ṣe kí bíréékà ṣáà tóbi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe kéèkì tà ní Tankẹ n'Ílọrin, mo wá ra kúkà oníná olójú mẹ́rin, 7200W ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹlẹ́tíríṣàn ní wáyà 2.5mm tó wà nílẹ̀ ti tó, pé ká kàn fi bíréékà 63A sí i kó má baà máa já. Ṣé kí n gbà fún un? (Ìyá oníkéèkì)

Ìdáhùn: Ẹ má gbà o, ìyá wa. Tẹ́ ẹ bá fi 230V pín 7200W yẹn, nǹkan bí 31A ló máa fà tí gbogbo ojú ẹ̀ bá ń jó pọ̀, wáyà 2.5mm ò lè gbé ìyẹn, inú ògiri níbẹ̀ ló ti máa gbóná títí rọ́bà ara ẹ̀ á fi yọ́, bíréékà 63A ò sì ní mọ nǹkan kan, torí wáyà ni bíréékà ń ṣọ́, kì í ṣe kúkà. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi bíréékà ńlá sí i kó má baà já, àfi bí ẹni tó ní kí ọdẹ máa sùn.

Wáyà 6mm oníkọ́pà gidi ni kẹ́ ẹ rà, kó ti inú bọ́ọ̀dù wá tààrà fún kúkà nìkan, pẹ̀lú bíréékà 32A. Tó bá máa gba òkè àjà tó gbóná, 10mm dáa jù. Swíìṣì kúkà 45A náà ń kọ́? Ẹ̀gbẹ́ kúkà ni kó wà, kó má wà lókè iná gan-an. Ẹ má ki kúkà yìí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A láíláí, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fo wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sílẹ̀, torí irin ni ara kúkà. Mítà fésì kan, 60A lọ̀pọ̀ ẹ̀ ń gbé mọ, torí náà ẹ pa éésì àti hítà omi tẹ́ ẹ bá ń yan kéèkì. Jẹnẹ́rétọ̀ kékeré? Ẹ má wulẹ̀ dán an wò.