Ọ̀gá ní kí n yọjú wo lẹ́tà ẹlòmíràn

Ìbéèrè: Àsàlámù aleekum, Àáfà. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa, páásíwọ̀dù gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi fura pé òṣìṣẹ́ kan ń wá iṣẹ́ síbòmíràn, ó ní kí n wo íméèlì rẹ̀, àti WhatsApp tó ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn mi, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n rán mi ni? Kí n má purọ́, mo ti yọjú wo owó oṣù àwọn kan rí.

Ìdáhùn: Wa aleekum sàláàmù. Ọkùnrin kan yọjú láti ojú ihò wo inú yàrá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Òòyà irin wà lọ́wọ́ Ànábì tó fi ń họ orí. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, òun ì bá fi í gún un lójú. Nítorí ojú ni wọ́n ṣe ní kí èèyàn máa tọrọ àyè kó tó wọlé. Bukhari àti Muslim, àwọn àáfà méjì tó ṣàkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì, ló gbà á wá. Ọkùnrin yẹn kò mú nǹkan kan o. Kò tilẹ̀ wọlé.

WhatsApp yẹn, má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí kò sọ pé kí o wọlé.

Íméèlì iṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbà á pé àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fọwọ́ sí i, àdéhùn nìyẹn, Súrà 5:1 nínú Àlùkùránì sì ní ká mú àdéhùn ṣẹ. Kí ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé, kí o wo ohun tó kan iṣẹ́, kí o padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn kò bá sọ fún un rí, kò sí àyè.

Ní ti pé wọ́n rán ọ, Ànábì ní inú ohun rere nìkan ni ìtẹ̀lé àṣẹ wà. Súrà 49:12 kọ́kọ́ ní ká jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá kó tó ní ká má tọpinpin ara wa; ìfura ọ̀gá rẹ gan-an ló ń bá wí. Fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó pe òṣìṣẹ́ náà, kó bi í. Wíwá iṣẹ́ kì í ṣe olè jíjà. Bó bá jẹ́ olè ni, tí àmì rẹ̀ hàn, ọ̀rọ̀ yí padà, àmọ́ ìwọ nìkan kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ̀rọ̀.

Ti owó oṣù tí o wò, tuúbá ni. Má sọ iye tí o rí fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyàwó rẹ. Kí o sì ní kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì yẹn sílẹ̀, tìrẹ náà.