Bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé, ológbò méjì, àti ọ̀nà Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìkòròdú là ń gbé. Ọkọ mi yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò nínú bọ́ọ̀sì Hiace wa, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì àti fáànù sí i, torí pé a máa ń lọ ta aṣọ ní Àgbádárìgì, a sì máa ń sun alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. A ní ológbò méjì: akọ ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, àti abo olóṣù mọ́kànlá. Ìgbà tí a kọ́kọ́ gbé wọn dání, akọ ké láti ilé dé Mile 12, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Abo sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi níbi bíréèkì, díẹ̀ ló kù ká kọlu tírélà. Ṣé wọ́n tiẹ̀ lè bá wa rìn? Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Wọ́n lè bá yín rìn, wọ́n tiẹ̀ lè sùn fọnfọn láti Ìkòròdú dé Àgbádárìgì. Àmọ́ ibi tó yẹ kí ẹ parí sí lẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ajá ń tẹ̀ lé ẹni tó ni ín; ilé ni ológbò ń tẹ̀ lé. Nígbàkigbà tí ó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ tábìlì tàbí igun ilẹ̀kùn, òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, òórùn yẹn ló sì fi ń mọ̀ pé ibẹ̀ kò léwu. Bọ́ọ̀sì yín kò ní in. Òórùn epo, gáàsì àti aṣọ tuntun ló kún inú rẹ̀, ilẹ̀ sì tún ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Akọ yẹn kò ṣe agídí, ẹ̀rù ló bà á. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ ná. Ilé kékeré tó ṣeé gbé kiri ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kí bọ́ọ̀sì wá di ohun tó kàn ń ru ilé náà.

Kéèjì ni ilé náà. Ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ẹ má kó méjèèjì sínú ẹyọ kan, torí ológbò tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń já a mọ́ èyí tó bá sún mọ́ ọn lára, wọn ì báà jọ dàgbà. Ike líle ni kí ó jẹ́, èyí tí òkè rẹ̀ ṣeé yọ kúrò lára ìsàlẹ̀. Báàgì aṣọ máa ń ya, apẹ̀rẹ̀ adìyẹ sì máa ń há èékánná. Fún ológbò kílò mẹ́rin, èyí tó gùn ní nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 33, tó ga ní 30, ti tó: á lè dìde, á lè yí po, á lè nà sílẹ̀. Èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ni ẹranko náà á ti máa yí gbirigbiri nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Ẹ yọ òkè kéèjì, kí ẹ gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí pálọ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń sùn. Ìró àtijọ́ kan tí ẹ ti ró sùn, tí ẹ kò tíì fọ̀, ni kí ẹ tẹ́ sínú rẹ̀. Fún ọjọ́ márùn-ún, inú rẹ̀ ni kí ẹ máa gbé oúnjẹ wọn sí. Ẹ má tì wọ́n wọlé o. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹ dá òkè rẹ̀ padà, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Nígbà tí wọ́n bá ti ń wọlé fúnra wọn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú kan, lọ́jọ́ mìíràn fún márùn-ún, lọ́jọ́ mìíràn fún mẹ́wàá. Ẹ gbé e yí ilé po. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e wọ bọ́ọ̀sì láìsítáàtì ọkọ̀, ẹ fún wọn ní ẹja bíńtín, kí ẹ sì gbé wọn padà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìdúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ wà á yí àdúgbò po, ẹ wà á dé Ìta Ẹlẹ́wà, ẹ wà á dé Ọ̀dọ̀-Ògùnyàn, kí ẹ tó wà á dé Ìtóìkín. Gbogbo rẹ̀ á gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Itọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ẹ bá ti rí i tó ń dán ní etí ẹnu, tàbí tí ó ń lá ètè léraléra, ẹ ti yára jù. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀, kí ẹ dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ibi tí ẹ máa gbé kéèjì sí ṣe pàtàkì nínú irú ọkọ̀ yín. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì Hiace wà, ilẹ̀ tó yí i ká sì máa ń gbóná ju bí ẹni tó wọ bàtà ṣe lè mọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá ti wakọ̀ fún wákàtí kan, ẹ dúró, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti lè wà fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìta yín ni kéèjì á wà. Ẹ fi okùn líle gba gbogbo ara rẹ̀ yí po, kí ẹ dè é mọ́ irin ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má so ó ní ibi tí a ti ń fọwọ́ gbé e nìkan, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń já. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ṣì ń yí, ológbò kankan kò gbọ́dọ̀ wà níta kéèjì. Abẹ́ bíréèkì tí abo yẹn sá sí kì í ṣe èèṣì: ihò tó ṣókùnkùn, tó há, ni ológbò tó ń bẹ̀rù ń wá, kò sì sí èyí tó dára tó ibẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ fún wọn ní oúnjẹ ìkẹyìn ní wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó gbéra. Omi ní tirẹ̀, ẹ má dá a dúró rárá. Bí ẹ bá lè kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ ó ti kọjá Mile 2 kí oòrùn tó mú, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì tó gbilẹ̀. Ní wákàtí méjì-mẹ́ta síra, ẹ dúró, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde sínú bọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú omi àti ọpọ́n ike tí ẹ bu yanrìn sí, kí yanrìn náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Yanrìn tí wọ́n ń lò nílé ni kí ẹ bù. Bí wọn kò bá tọ̀, ẹ má fòyà, ológbò àgbà lè dá ìtọ̀ dúró fún wákàtí mẹ́jọ láìní ìpalára.

Bí akọ yẹn bá ṣì ń da itọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oògùn wà. Gabapentin ni a sábà máa ń kọ fún ìbẹ̀rù: 50 sí 100 mílígíráàmù fún ẹyọ ológbò kan, ní wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó gbéra. Maropitant wà fún èébì. Dókítà ẹranko tó wọn ológbò náà ló máa sọ iye rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò nílé lọ́jọ́ tí ẹ kò lọ síbì kankan, torí òmíràn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún wọn ní Panadol tàbí parasitámọ́ọ̀ èyíkéyìí. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ wa fi ń tú oògùn yẹn ká. Hóró kan ṣoṣo tó jẹ́ 500 mílígíráàmù lè pa á: èrìgì rẹ̀ á dúdú bí omi kòkó, ojú rẹ̀ á wú, èémí á sì há.

Àìlera ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló fi jẹ́ pé Izal àti Dettol kò yẹ nínú bọ́ọ̀sì yín. Ológbò á tẹ ilẹ̀ tí ẹ fi nù, á lá àtẹ́lẹsẹ̀, á sì gbé májèlé náà mì. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ibi tó tọ̀ sí, lẹ́yìn náà kí ẹ fi fínígà tí ẹ là mọ́ omi nù ún kí òórùn ìtọ̀ lè kúrò. Káfúrà kò gbọ́dọ̀ sí láàárín aṣọ títà yín tí wọ́n bá jọ wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀fọn Àgbádárìgì pọ̀ lóòótọ́, torí omi ọ̀sà tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n Sniper tàbí ọ̀tapiapia sí ibi tí ẹ̀yin pẹ̀lú wọn máa sùn. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ kàn mọ́ fèrèsé. Èyí tó jẹ́ aṣọ, èékánná á ti ya á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ooru ló ń pa jù. Lọ́jọ́ tí ìta bá wà ní 32 lórí ìwọ̀n Celsius, inú ọkọ̀ tí a tì pa á ti kọjá 40 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì sún mọ́ 50 kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣíṣí gíláàsì ní ìwọ̀n ìka méjì kò yí i padà. Fáànù tí ọkọ yín kàn náà kò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe: àwa ń làágùn, atẹ́gùn á fẹ́ òógùn náà gbẹ, ara á tutù; àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ológbò ti ń làágùn, nítorí náà atẹ́gùn gbígbóná ni fáànù kàn ń fẹ́ lù ú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni òjìji, ilẹ̀kùn méjì tó ṣí sí ara wọn lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì onírin, àti píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, tí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé, tí ẹ sì fi sí apá kan kéèjì, kí ológbò lè sún kúrò lórí rẹ̀ bó bá fẹ́. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní láti kúrò nídìí ọkọ̀ lọ sójú ìsọ̀, ẹ gbé kéèjì dání.

Ológbò kì í yanu mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá. Bí ẹ bá rí i pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbà pé ewu ti dé. Ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ tó tọ́ jẹ́ nǹkan bí 38 sí 39.2, bó bá ti kọjá 40, ẹ fi omi lásán, tí kì í ṣe yìnyín, rẹ ikùn, abíyá àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà yìí ni fáànù máa wúlò. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Kó tilẹ̀ dìde kó máa rìn, ẹ gbé e lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, torí kíndìnrín lè bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ tín-ín-rín, ìbẹ̀rù àti àìmumi tó lójú ọ̀nà sì lè mú kí ó dí pátápátá. Ẹ ó rí i tó ń lọ sídìí yanrìn léraléra, tó ń lóṣòó, tó ń ké, tó ń lá abẹ́ rẹ̀, tí nǹkan kan kò sì jáde àbí tó jẹ́ ẹ̀kán kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìgbẹ́ ló dí i, wọ́n á wá fún un ní òróró. Ẹ rọra fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀: bó bá le bí ọsàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, oró tí ìtọ̀ kò gbé jáde lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un ní oúnjẹ gbígbẹ nìkan lójú ọ̀nà. Ẹja bíbọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, pẹ̀lú omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́, dára. Ẹ má bù ú láti inú ọbẹ̀, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ní ti abo, ìmọ̀ràn mi ni pé bí ẹ bá ní aládùúgbò tó ṣeé fọkàn tán, tó lè wá bu oúnjẹ àti omi fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ilé dára fún un ju bọ́ọ̀sì lọ fún alẹ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí ìwà ìkà. Pálọ̀ yín ni ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé méjèèjì, ẹ fi òfin kan sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé wọ́n ti wọ kéèjì?” Láti Àgbárá lọ, àwọn agbófinró tó ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn ni ológbò ti máa ń bẹ́ jáde. Bó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má sáré lé e, ẹ má pariwo orúkọ rẹ̀. Nítòsí ló máa ń sá pamọ́ sí: abẹ́ ọkọ̀, gọ́tà, abẹ́ ìsọ̀. Ẹ fi kéèjì àti ìró yẹn sílẹ̀ níbi tó ti jáde, ẹ má gbé bọ́ọ̀sì kúrò, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wá a láàárín òru nígbà tí ọjà bá ti dákẹ́. Ojú rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí tó ń tàn.

Káàdì abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Bí ọjà bá wá ń gbé yín kọjá Sèmè, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, káàdì nìkan kò tó: ẹ ó gba ìwé ìlera lọ́wọ́ dókítà ẹranko àti ìwé ìjáde lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ẹranko àti irúgbìn wò ní ẹnubodè. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn fún abo, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 21 kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.