Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Tébù NBA tọdún yìí, ta ló máa wà níbo?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an ni. Sísìn 2025-26 ti NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù October 2025, wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan, gbogbo yín ti fẹ́ mọ bí tébù ṣe máa rí títí dé April. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀, èyí tó kù di ìgbà míì. Ẹni tí kò bá mọ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín tíìmù 30 NBA sí, West àti East, 15 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tébù kálukú sì dá wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to àwọn tíìmù West láti 1 dé 15. Mi ò fẹ́ àlàyé gígùn, ẹ ṣáà tò wọ́n, torí a ti ń jà sí i ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò wa látọ̀sẹ̀ tó kọjá. — Olólùfẹ́ Lakers, Ṣúrùlérè

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ní o ò fẹ́ àlàyé, àlàyé náà ni wàá sì gbà. Wo tébù West ti sísìn tó kọjá. Thunder ṣe kíńní, wọ́n wín 68. Rockets tẹ̀lé wọn pẹ̀lú 52. Lẹ́yìn ìyẹn Lakers 50, Nuggets 50, Clippers 50, Timberwolves 49, Warriors 48, Grizzlies 48. Ṣé o rí nǹkan tí mò ń sọ? Láti ipò kẹta dé ìkẹjọ, wín méjì péré ló wà láàrin wọn, nínú eré 82 o! Ẹni tó ṣe ìkẹta wọ playoff, ìyẹn ìdíje tó ń pinnu ẹni tó máa gba ife, tààrà, àwọn tó ṣe ìkeje àti ìkẹjọ lọ ń forí tú nínú play-in, torí ẹni tó bá wà ní 1 dé 6 nìkan ló ń wọlé láìgba ibì kan yí, 7 dé 10 á kọ́kọ́ gbá tiwọn lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀lù kan tó yí po lórí irin lóṣù January tó wá já síta, òun nìkan lè gbé tíìmù láti ìkẹrin lọ sí ìkeje. Àwọn mẹ́ta tó ní 50 yẹn gan-an, òfin tie-break, èyí tí wọ́n fi ń ya àwọn tí wín wọn bá dọ́gba, ni wọ́n lò kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣáájú. Ẹni tó bá wá ń búra fún ẹ pé Clippers ló máa ṣe ìkarùn-ún, tó bá bọ́ sí i, orí ẹ̀ ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀.

Nítorí náà èmi kì í to wọn ní oókan-oókan, ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni mo máa ń pín wọn. Ọ̀wọ́ kìíní ní West, Thunder nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n gba ife ní June, àwọn tó gbà á fún wọn kò lọ ibì kankan, Shai Gilgeous-Alexander tó gba MVP, àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó ta yọ jù, ṣì wà ńbẹ̀, ó sì tún ku nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù, tí a bá dọ́gba gbogbo eré wọn, póìǹtì tí wọ́n fi ń ju ẹni tí wọ́n bá gbá lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13, kò sì sí tíìmù tó ṣe irú ẹ̀ rí látijọ́ tí NBA ti wà. Mi ò ní kí wọ́n tún wín 68 o, ṣùgbọ́n 62 sókè, mo rí i.

Ọ̀wọ́ kejì: Nuggets, Rockets, Timberwolves, Clippers, Warriors, Lakers. Tí wọ́n bá fi ìbọn sí mi lórí, màá ní Nuggets ló máa ṣáájú wọn, torí wọ́n fi Michael Porter Jr. gba Cam Johnson, wọ́n sì tún rí Valanciunas mú kí Jokic, ìràwọ̀ wọn, lè jókòó sinmi díẹ̀ láìjẹ́ pé ilé wó. Ọ̀wọ́ kẹta: Spurs, Mavericks, Grizzlies, Blazers, Kings. Ìsàlẹ̀: Suns, Pelicans, Jazz. Ó tán.

Ní ti Lakers rẹ, má bínú sí mi. Wọ́n wín 50 lóòótọ́, ṣùgbọ́n póìǹtì tí wọ́n fi ń ju èèyàn lọ kò ju ẹyọ kan àti díẹ̀ lọ, nígbà tí Grizzlies tó wín 48 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún. Ìyẹn ni pé eré tó há, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ló pinnu ẹ̀, ló ń bọ́ sí ọwọ́ Lakers, irú oríire bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ohun tí màá fi gbè ẹ́ ni pé February ni Luka Doncic ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní báyìí ó máa bá wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kejì, àmọ́ ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kọ iye tí tíìmù kọ̀ọ̀kan máa wín, gbogbo 30 pátá, mo fi ránṣẹ́ sínú lẹ́tà yìí. Cavaliers 60, Knicks 58, Magic 55, Hawks 52, Pistons 51, ẹ bá mi wo ìyókù. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lo fẹ́ àbí? Mo mú ẹ̀rọ ìṣirò, mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 1,287. Ọ̀rẹ́ mi, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Tíìmù 30, kálukú gbá eré 82, tíìmù méjì ló ń gbá eré kan, gbogbo eré tó wà nínú sísìn jẹ́ 1,230, wín tó wà nílé ayé náà kò sì ju 1,230 lọ. Ìwọ ti pín ẹran 57 tí kò sí nínú ìkòkò! Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, ẹ á kàn máa wò ó pé tibí ra òṣèré tuntun, tọ̀hún pààrọ̀ kóòṣì, gbogbo wọn á dára sí i, ẹnikẹ́ni ò ní í rántí béèrè pé ta ló wá máa pàdánù.

Ìsàlẹ̀ ni aṣìṣe rẹ wà. Ẹni tó kéré jù nínú ìwé rẹ wín 28. Sísìn tó kọjá, Jazz 17, Wizards 18, Hornets 19, Pelicans 21. Ọdọọdún ni irú wọn ń wà, àwọn míì tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò dùn wọ́n rárá, torí ẹni tó bá burú ló ń ní àǹfààní jù nínú draft, níbi tí àwọn tíìmù ti ń to tẹ̀léra mú òṣèré tuntun lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń fi ìbò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú. NBA bu owó ìtanràn $100,000 fún Jazz ní March torí bí wọ́n ṣe ń fi Lauri Markkanen, ìràwọ̀ wọn, jókòó. Ẹ̀gàn ibẹ̀ ni pé wọ́n ṣe gbogbo ìyẹn, wọ́n gbẹ̀yìn líìgì, nọ́ńbà 5 ni wọ́n fi mú èèyàn, Mavericks tó wín 39 tí àǹfààní wọn jẹ́ 1.8% péré ló ṣe kíńní tó mú Cooper Flagg lọ. Ayé!

Tíìmù kan wà tí mo fẹ́ kó o tún wò, Pelicans. Wọ́n ti fún Hawks ní ẹ̀tọ́ draft 2026, Hawks ló máa mú èyí tó bá sàn jù nínú ti Pelicans àti ti Bucks. Torí náà kò sí ìdí kankan tí Pelicans fi máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, Hawks ni wọ́n máa fi ṣe lóore. Fi bíi mẹ́jọ kún tiwọn, kó o yọ ọ́ lára Jazz.

Magic 55 yẹn, mo mọ ibi tó o ti rí i. Wọ́n kó ẹ̀tọ́ draft ìpele àkọ́kọ́ mẹ́rin lélẹ̀ kí wọ́n tó gba Desmond Bane, wọ́n sì nílò ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù látòkèèrè. Ṣùgbọ́n 41 ni wọ́n wín. Láti 41 sí 55 jìnnà. Mi ò ní kò ṣeé ṣe o, Pistons pàdánù eré 28 tẹ̀léra ní 2023, wọ́n parí sísìn yẹn pẹ̀lú 14, sísìn tó tẹ̀lé e wọ́n wín 44. Ta ló kọ ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú? Kọ 49 fún Magic, kó o sùn wọra.

ÌBÉÈRÈ: Bùọ̀dá, ẹ n lẹ́ o. Ṣé Celtics wa ti tán ni? Ọmọ mi ọkùnrin ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. — Ìyá Ìbejì, Peckham, London

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ bá mi kí wọn nílé o. Wọn ò tán, wọ́n kàn máa sinmi díẹ̀ ni. Jayson Tatum já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ní May nígbà tí wọ́n ń gbá Knicks, owó tíìmù náà sì ti wúwo jù, wọ́n jẹ́ kí Jrue Holiday àti Porzingis lọ. Damian Lillard ti Bucks já irú iṣan kan náà ní April. Tyrese Haliburton ti Pacers já tiẹ̀ ní eré keje fáínà gan-an ní June. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, East ni wọ́n wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń wọ nọ́ńbà 0. Mi ò gba àjẹ́ gbọ́ lórí pápá básíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, màá lọ yí nọ́ńbà mi padà.

Èyí ló tú East sílẹ̀. Cavaliers àti Knicks ni màá fi sókè. Knicks lé kóòṣì Thibodeau lọ lẹ́yìn tó gbé wọn dé fáínà East fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2000, wọ́n wá mú Mike Brown, ẹni tó darí D'Tigers, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà wa, lọ́dún 2021 nígbà tí a na Amẹ́ríkà 90-87 ní Las Vegas. Mo ní ìfẹ́ ọkùnrin yẹn, kí n má purọ́. Lẹ́yìn wọn, Magic, Hawks, Pistons, Bucks. Bucks, torí Giannis ọmọ Adétòkunbọ̀ ni mo fi fi wọ́n síbẹ̀, torí wọ́n lé Lillard, wọ́n sì máa san owó ẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìjẹ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, kí wọ́n lè rówó mú Myles Turner. Ọ̀wọ́ kẹta, Celtics yín, Heat, 76ers, Raptors, Bulls, Pacers. Ìsàlẹ̀, Hornets, Nets, Wizards.

76ers, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi wọ́n sí òkè East nígbà tó ku díẹ̀ kí sísìn tó kọjá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wín 24. Nínú àwọn ìràwọ̀ wọn, eré 19 ni Embiid gbá, Paul George 41. Kí n kọ́kọ́ rí Embiid lórí pápá ní January ná.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Houston níbí. Pẹ̀lú Durant tó dé yìí, ṣé Rockets ò ní gba ipò kìíní lọ́wọ́ Thunder? — Bàbá Àgbà, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Wọ́n fi Jalen Green àti Dillon Brooks àti draft nọ́ńbà 10 gba Durant, ọjà tó dára ni. Ime Udoka tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà náà mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró lórí pápá. Ipò kejì ni mo ti kọ́kọ́ kọ fún wọn, ni Fred VanVleet bá já iṣan orúnkún ní September. Òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, òun ló ń fọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Amen Thompson á gbìyànjú, àmọ́ ọmọdé ṣì ni. Ìkẹta sí ìkarùn-ún ni mo ń wò báyìí, sà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà á rántí 1995. Wọ́n wín 47, ipò kẹfà ni wọ́n wà, Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó ló kó wọn, ó di fáínà, wọ́n na Orlando 4-0. Títí dòní kò sí tíìmù tó ti ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá gba ife. Ọjọ́ 21 yẹn, Rockets máa lọ bá Thunder nílé wọn, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín, aago méjìlá ààbọ̀ òru ni lọ́dọ̀ wa níbí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ẹyọ kan tó ṣúà, tí mo lè fi owó lé lórí láì ronú. — Oníbẹ́ẹ̀tì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Thunder máa wà lókè Jazz lórí tébù. Tó o bá rí ẹni tó máa san owó gidi lórí ìyẹn, tètè fi àdírẹ́sì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.